GBẸ́NÀGBẸ́NÀ TI ṢE TIRẸ̀ TÁN

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní àpèjọ oṣooṣù Ẹgbẹ́ wa, lórí iṣẹ́ ọnà igi)

 

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé, gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Nígbà tí a bá ń pa òwe yìí, àwọn tí kò ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ń tọ́ka àbùkù iṣẹ́ ni a máa ń fi í bá wí: ẹni tí kò lè gbẹ́ ìjòkó kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n tí ó mọ bí a ti í sọ pé imú ère gùn jù. Lónìí, àwa fẹ́ yí ojú òwe náà sí ọ̀nà mìíràn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ wa ti ṣe tirẹ̀ tán ní tòótọ́. Ó ti gbẹ́ ẹ, ó ti fín in, ó sì ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Ohun tí ó kù ni kí àwa tí Ọlọ́run fún ní ẹnu àti ìwé ṣe tiwa: kí a mọ iṣẹ́ náà, kí a yìn ín bí ó ti yẹ, kí a dárúkọ ẹni tí ó ṣe é, kí a má sì jẹ́ kí ó parun. Bí a kò bá ṣe èyí, gbẹ́nugbẹ́nu ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó mú wa yan ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìgbà kan, a lọ kí olóyè kan ní ìlú kan tí a kì yóò dárúkọ. Ó gbà wá tọwọ́-tẹsẹ̀, ó mú wa wọ inú yàrá àlejò rẹ̀, ó sì fi àwọn àga kan hàn wá tí ó rà láti òkè òkun. Ẹsẹ̀ àwọn àga náà dán bí eyín, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ níhìn-ín, wọ́n wú lọ́hùn-ún, òrùka lórí òrùka ni a gé sí wọn lára. Olóyè náà fi àtẹ́lẹwọ́ pa ọ̀kan nínú wọn, ó ní, "Ẹ wo iṣẹ́! Ta ni nínú wa tí ó lè ṣe irú èyí?" A yìn ín, nítorí pé àga náà dára. Nígbà tí ó ṣe, a jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Níbẹ̀ ni a ti rí òpó kan tí ó gbé òrùlé ilé ewúrẹ́ ró. Jagunjagun kan ni, lórí ẹṣin, ọ̀kọ̀ ní ọwọ́ kan, ìjánu ní ọwọ́ kejì; ojú rẹ̀ balẹ̀ bí ojú ẹni tí kò bẹ̀rù ikú. Ikán ti jẹ ẹsẹ̀ ẹṣin náà tán pátápátá. A bi olóyè léèrè pé, "Baba, ta ni ó gbẹ́ èyí?" Ó gbọn orí, ó ní, "Àwọn ará àtijọ́ ni."

Ìdáhùn yìí kò kúrò ní ọkàn wa mọ́. Ọkùnrin yìí kì í ṣe òpè, kò sì kórìíra ohun baba rẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni ohun tí púpọ̀ nínú wa ń ṣe láìmọ̀. A fi ọwọ́ ọ̀tún pa iṣẹ́ ẹlòmíràn lára, a sì fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba wa. Bẹ́ẹ̀ ni òwe sì kọ èyí fún wa.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a wá láti gan iṣẹ́ òkè òkun. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bu ọlá fún ẹni tí ọlá tọ́ sí. Iṣẹ́ tí a fi ń ṣe ẹsẹ̀ àga wọ̀nyí, igi yíyí ni a lè pè é. A ó fi igi há àárín irin méjì lórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò máa yí i bí òkòtó, oníṣẹ́ yóò sì máa fi irin mímú kàn án lára díẹ̀díẹ̀, títí igi onígun yóò fi di róbótó. Bí irin náà bá wọlé jù ní ìwọ̀n ìbú èékánná, igi ti bàjẹ́. Bí ọwọ́ oníṣẹ́ bá gbọ̀n, ojú igi yóò sọ ọ́.

Irú kan sì tún wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ, èyíinì ni igi yíyí alọ́nà-lára. Nínú eléyìí, lẹ́yìn tí igi bá ti di róbótó tán, a ó dá a dúró ṣinṣin. Irin kékeré kan ni yóò wá máa yí, tí yóò sì máa gé ọnà sí i lára. Àwo idẹ kan wà lára ẹ̀rọ náà tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí yíká. Ìlà ihò kan lè ní 96, òmíràn 144, òmíràn 360. Bí oníṣẹ́ bá gé ọnà kan, yóò yí àwo náà kọjá ihò mélòó kan, yóò tún gé òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ọnà náà yóò fi yí igi ká tí yóò sì pàdé ara rẹ̀ láìlé láìdín. Bí ó bá ṣì í kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ di asán. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí àpótí kékeré kan tí a fi ọ̀nà yìí ṣe, tí ọnà ara rẹ̀ ṣí bí òdòdó, kí ó mọ̀ pé sùúrù ni ó ń wò.

Ní ìlú Lọ́ńdọ́nù, ilé-iṣẹ́ àwọn Holtzapffel ni ó lókìkí jù fún irú ẹ̀rọ yìí. Ní ọdún 1843, Charles Holtzapffel bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí iṣẹ́ náà. Ọmọ rẹ̀ sì tẹ̀ síwájú lẹ́yìn ikú rẹ̀ títí ìwé náà fi di ìdìpọ̀ márùn-ún. Ẹ sì jẹ́ kí a fi èyí kún un, kí inú wa lè dùn díẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn igi tí àwọn ayígi wọ̀nyí fẹ́ràn jù ni igi dúdú kan tí ó ń hù ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà, ní ilẹ̀ Tàǹsáníà àti Mòsáḿbíìkì. Igi wa ni wọ́n fi ń dárà.

Ẹ̀yin olóyè, ẹ gbọ́ èyí tí ó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ọba òyìnbó fúnra wọn a máa jókòó sí ìdí ẹ̀rọ yìí. Augustus tí ó jọba lórí Saxony ní ilẹ̀ Jámánì pe ọ̀gá ayígi kan, Georg Wecker, sí ààfin rẹ̀ ní Dresden ní ọdún 1578, òun pàápàá a sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí eyín erin. Àwọn iṣẹ́ eyín erin ààfin náà ṣì wà ní Dresden títí di òní, ènìyàn sì ń san owó láti wò wọ́n. Peter Ńlá, ọba ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó wàjà ní ọdún 1725, ní yàrá ayígi nínú ààfin rẹ̀. Andrey Nartov ni ó ń ṣe ẹ̀rọ fún un, a sì pa díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà mọ́ ní ìlú Petersburg. Àwọn ayígi Lọ́ńdọ́nù gba ìwé àṣẹ ọba fún ẹgbẹ́ wọn ní ọdún 1604. Nígbà tí ó sì kù díẹ̀ kí iṣẹ́ igi yíyí alọ́nà-lára di ohun ìgbàgbé, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1948 láti gbé e ró.

Kí ni a rí kọ́ nínú èyí? Ohun mẹ́ta ni. Àwọn ọba wọn kò rò pé iṣẹ́ ọwọ́ bu ọlá àwọn kù. Àwọn ọ̀mọ̀wé wọn kọ iṣẹ́ náà sínú ìwé. A kò sì gbàgbé orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Ẹ fi ohun mẹ́ta yìí sí ọkàn, nítorí a ó padà sí orí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá yí ojú sí ilé. Gbẹ́nàgbẹ́nà tiwa kò ní ẹ̀rọ tí ń yí. Ohun èlò rẹ̀ kò ju èyí tí ọmọ-iṣẹ́ lè gbé sínú àpò kan lọ: àáké, àáké kékeré tí a fi ojú rẹ̀ dábùú bí ojú ọkọ́, irin ìgbẹ́nà pẹ̀lú òòlù igi, àti ọ̀bẹ. Kò sí ìwé àwòrán níwájú rẹ̀, kò sí okùn ìwọ̀n. Ojú rẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀. Ó mọ igi tí ó yẹ fún òpó àti ilẹ̀kùn, bí ìrókò àti apá. Ó mọ èyí tí ó rọ̀ fún ìlù àti ọpọ́n, bí ọmọ̀. Nígbà tí igi ṣì tutù, tí omi kò tí ì gbẹ lára rẹ̀, ni ó ń gbẹ́ ẹ, nítorí pé bí igi bá gbẹ tán, ojú irin yóò máa kú.

Ipele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ń gbà. Lákọ̀ọ́kọ́, yóò fi àáké la ìrísí ńlá jáde: ibi tí orí yóò wà, ibi tí ara yóò wà, ibi tí ẹsẹ̀ yóò wà. Nígbà yìí, ojú òpè kò lè mọ ohun tí ó ń bọ̀. Kùkùté ni ó ń rí. Lẹ́ẹ̀kejì, yóò mú àáké kékeré, yóò sì pín ìrísí ńlá wọ̀nyí sí wẹ́wẹ́: etí, ọmú, apá, ìka. Lẹ́ẹ̀kẹta ni dídán, nígbà tí yóò fi irin mímú kó gbogbo ojú àáké kúrò, tí ara ère yóò sì jọ̀lọ̀. Àwọn mìíràn a sì máa fi ewé ìpín ha á. Lẹ́ẹ̀kẹrin, èyí tí ó kẹ́yìn, ni fínfín: ọ̀bẹ ni yóò fi fín irun orí, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí àti ọnà ara aṣọ. Ọmọ-iṣẹ́ lè bá ọ̀gá rẹ̀ dá ara igi, ṣùgbọ́n fínfín, ọwọ́ ọ̀gá ni ó ń gbé e. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ iṣẹ́ ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń mọ ìwé tí ẹnìkan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Àwọn kan nínú àwa tí a kàwé a máa fi ère wa rẹ́rìn-ín pé orí rẹ̀ tóbi jù. Òtítọ́ ni pé orí ère a máa tó ìdámẹ́ta tàbí ìdámẹ́rin gíga rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí ó lè gbẹ́ ìka mẹ́wàá láìyọ ọ̀kan sílẹ̀ ni kò ní mọ bí orí ènìyàn ti tóbi tó? Ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó ń sọ ni pé orí ni olórí ara, orí ni ẹni, orí ni ó sì gbé wa dé ayé. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe àṣìṣe.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a dárúkọ ènìyàn kan, kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará àtijọ́. Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní nǹkan bí ọdún 1873 ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ó sì di ará Ìsẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún Arinjalẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn débi pé àwọn ọba mìíràn a máa ránṣẹ́ pè é kí ó wá fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ààfin wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ó kú ní nǹkan bí ọdún 1938. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n lónìí àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ń kọ ìwé nípa rẹ̀.

Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni ó ṣiṣẹ́ fún Ọgọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ó gbẹ́ síbẹ̀ wà ní ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà báyìí. Ọba ni ó jókòó lórí ìtẹ́, ẹyẹ bà lé adé rẹ̀ lórí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olorì dúró, ó ga ju ọba lọ, ó sì gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ìtẹ́. Gbogbo ẹni tí ó bá mọ ilé ọba yóò mọ ohun tí oníṣẹ́ yìí ń wí: ọba ni ó jókòó, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ni ó dúró tì í. Kò kọ ọ̀rọ̀ kan, síbẹ̀ ó ti wí i tán.

Ó tún gbẹ́ ilẹ̀kùn ńlá kan fún ààfin kan náà. Ní apá kan, Ọgọ̀gà jókòó pẹ̀lú olorì rẹ̀. Ní apá kejì, àwọn arẹrù gbé òyìnbó aṣojú ìjọba, ó ń bọ̀ wá kí ọba. Àwọn ènìyàn ara ilẹ̀kùn náà kò lẹ̀ mọ́ igi bí àwòrán. Wọ́n yọ síta, wọ́n fi ìhà yà, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n máa rìn lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà mìíràn a máa fín ọnà sí ojú ilẹ̀kùn. Ọlọ́wẹ̀ yọ ènìyàn jáde láti inú rẹ̀. Ní ọdún 1924, a gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí Wembley ní Lọ́ńdọ́nù, níbi ìpàtẹ ńlá tí àwọn òyìnbó ṣe. Àwọn aláṣẹ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ń pè ní British Museum rí i, ọkàn wọn sì fà sí i. Ọgọ̀gà kò gbà láti tà á. Ní ìkẹyìn, a fi ìtẹ́ kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì kù sí ọ̀hún títí di òní.

A kò wá láti dá Ọba lẹ́jọ́. Ìgbà rẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbà wa, ó sì kọ owó kí ó tó gba ìtẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwa bi ara wa léèrè: nínú méjèèjì, èwo ni gbogbo ayé ń lọ wò lónìí, ìtẹ́ ni tàbí ilẹ̀kùn?

Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ tí ó yà wá lẹ́nu jù lọ kò tóbi. Ọpọ́n olómorí kan ni, kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó sì wà ní ìlú Washington. Obìnrin kan kúnlẹ̀ ó gbé ọpọ́n dání, àwọn ọmọbìnrin ń jó lórí ọmọrí, àwọn tọkùnrin-tobìnrin sì kúnlẹ̀ yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká, wọ́n fi ọwọ́ gbé e ró. Láàárín àwọn tí ó kúnlẹ̀ yìí, bí ẹyin nínú àgò, orí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà níbẹ̀. Orí náà kò so mọ́ ohunkóhun. Bí a bá tẹ ọpọ́n náà síhìn-ín, yóò yí síhìn-ín. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, yóò yí sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n kò lè jáde láéláé, nítorí pé àlàfo àárín àwọn tí ó kúnlẹ̀ kò gbà á. A kò kì í bọ ibẹ̀. Inú igi kan náà ni ó ti gbẹ́ ẹ, láti àárín àwọn àlàfo tóóró wọ̀nyí, tí ó sì gé e kúrò lára igi láìba ẹnikẹ́ni tí ó yí i ká jẹ́.

Àwọn ayígi òkè òkun mọ irú àrà yìí. Wọ́n a máa yí òrùka tí kò ṣeé bọ́ sí ara ọ̀pá igi kan. Àwọn ará Ṣáínà ní ìlú Guangzhou a sì máa yí eyín erin kan di bọ́ọ̀lù nínú bọ́ọ̀lù, ọ̀kan ń yí nínú èkejì. Iṣẹ́ ìyanu ni, a sì júbà wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ó ń mú igi yí fún wọn, ohun róbótó ni ó sì ń bí. Ọlọ́wẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tí ń yí. Ọ̀bẹ àti irin ìgbẹ́nà ni ó fi gbẹ́ orí ènìyàn, pẹ̀lú imú, ẹnu àti irùngbọ̀n, níbi tí ọwọ́ kò gbà. Bí olóyè tí a sọ ìtàn rẹ̀ bá tún bi wá pé, "Ta ni nínú wa tí ó lè ṣe irú èyí?" ìdáhùn wa rèé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbọ́ ohun kan sí i. Fún ọdún púpọ̀, a pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ ilẹ̀ wa mọ́ ní òkè òkun láìsí orúkọ lára wọn. "Iṣẹ́ àwọn Yorùbá" nìkan ni a kọ sí abẹ́ wọn, bí ẹni pé gbogbo ìran kan ni ó di àáké kan mú. Àwọn òyìnbó jẹ̀bi nínú èyí, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò bèèrè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé orúkọ náà kò sí ní ilé. Ní ọdún 1988, ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú Ọlọ́wẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀, ó ń ka iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn ààfin tí ó gbẹ́ òpó sí. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, ni ó jókòó tì í tí ó sì gbà á sílẹ̀. Ní ọdún 1998 ni a pàtẹ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan ní Washington, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Ẹnu ìyàwó ni ó pa orúkọ mọ́ nígbà tí ìwé kò pa á mọ́. Ìbéèrè wa ni pé, nígbà tí ìyá yìí ń ki ọkọ rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, níbo ni àwa ọmọ ilẹ̀ tí a mọ ìwé kọ wà?

Àwọn mìíràn yóò wí pé, "Onígbàgbọ́ ni wá," tàbí "Mùsùlùmí ni wá, a kò lè fi ọwọ́ kan ère." A kò bá ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, tí Kevin Carroll wà lára wọn, dá ilé-iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀. Bándélé, ọmọ Àreògún ará Ọ̀sì, ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kú ní ọdún 1954, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lábẹ́ Bándélé ni Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, láti inú ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìsìn Kátólíìkì láìjẹ́ pé ó pàdánù ìgbàgbọ́ tirẹ̀. Òun ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà ní Gbọ̀ngàn Odùduwà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 2006, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn tí ìmọ̀ wọn jẹ́ ìṣúra fún aráyé. Ó kú ní ọdún 2009. Iṣẹ́ ọnà kò béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni. Ilẹ̀kùn ni ilẹ̀kùn í jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbààgbà, kí ni kí a ṣe? Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní "kí a ṣe báyìí" nínú, àlá lásán ni. Ohun mẹ́rin ni àwa gbé síwájú yín.

Èkíní: kí olúkúlùkù ìdílé àti ààfin kọ sínú ìwé gbogbo iṣẹ́ ọnà igi tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, àti ìlú rẹ̀. Bí a kò bá mọ̀, kí a bi àwọn ìyá àgbà léèrè kí ilẹ̀ tó ṣú. Kì í ṣe iṣẹ́ olówó ni èyí. Ìwé kan àti kálámù kan tó o.

Èkejì: kí a má tà á, kí a má sì jẹ́ kí a jí i tà. Òfin wà lórí èyí láti ọdún 1953, a sì tún un ṣe ní ọdún 1979, pé a kò gbọdọ̀ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin kò lè ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé wa fún wa.

Ẹ̀kẹta: kí a fún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó wà láàyè ní iṣẹ́ ṣe. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n ẹwà náà kò ní bù sí i bí a bá tún un kọ́ tán tí a sì fi ilẹ̀kùn onírin ti ọjà há ẹnu rẹ̀. Ilé ìjọsìn, gbọ̀ngàn ìlú, ilé-ẹjọ́, ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo wọn ni ó ní ilẹ̀kùn àti òpó. Kí a sì san owó tí ó yẹ, nítorí pé ẹni tí ń fi oṣù mẹ́ta gbẹ́ ilẹ̀kùn kan, ó ń jẹun ní oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀kẹrin: kí a má fi ojú ọ̀lẹ tàbí òpè wo ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí. Bí ọba ilẹ̀ Rọ́ṣíà bá lè jókòó ti ẹ̀rọ ìyígi, tí adé kò bọ́ lórí rẹ̀, ọmọ tí ó jáde ìwé mẹ́wàá náà lè di àáké mú.

A ó padà sí ọ̀dọ̀ olóyè wa kí a tó jókòó. Kí a tó kúrò ní ilé rẹ̀ ní ọjọ́ náà, a bẹ̀ ẹ́ kí ó pe ẹni tí ó dàgbà jù nínú agbo ilé. Ìyá arúgbó kan jáde wá, ọ̀pá ní ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí a mú un dé ìdí òpó, ó fi ọwọ́ kan ojú jagunjagun náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìdílé kan láti àdúgbò kejì. Láàárín oríkì náà ni orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà ti jáde, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀. Olóyè náà dúró, kò lè sọ̀rọ̀. Ó ti tó ogójì ọdún tí ó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ òpó náà kọjá, ìyá yìí sì ń gbé inú agbo ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Kò bi í rí.

Ó ti gbé òpó náà wọ inú yàrá àlejò báyìí. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àga òkè òkun, kò sì sí ìjà láàárín wọn. Ẹsẹ̀ ẹṣin tí ikán ti jẹ, kò sí ẹni tí ó lè dá a padà. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ti wà nínú ìwé.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣe tiwa.